Ẹni Mélòó Ló Wà Nínú Ilé Yẹn?

Níbi òde àríyá àwa Yorùbá ní Bronx, ní New York, bí ẹ bá jókòó pẹ́ títí wọ́n fi gbé jọ̀lọ́ọ̀fù kiri lẹ́ẹ̀kejì, ẹ máa gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnìkan: "Ẹ wo àwọn ará Bangladéṣì yẹn. Àná àná yìí ni wọ́n dé, wọ́n ti ń ra ilé. Àwọn akátá, aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí síbí, food stamp, oúnjẹ ìrànwọ́ ìjọba, ni wọ́n ń jẹ." Gbogbo tábìlì á mi orí. Ẹlòmíì á fi kún un pé àwa náà ń gbìyànjú, pé ìwé la fi jù wọ́n lọ. Èmi kì í sábà fèsì, ta ló fẹ́ ba òde olóde jẹ́? Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà máa ń yọ mí lẹ́nu dé ilé, kì í sì í ṣe torí pé èébú ni "akátá" nìkan. Àfiwé yẹn gan-an ni kò dúró. Irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹ ni kò jẹ́ kí n lè gbà á gbọ́.

Ìwé owó-orí ni mò ń bá àwọn èèyàn ṣe. Láti ìparí oṣù kìíní títí di ọjọ́ 15 oṣù kẹrin, iwájú tábìlì mi kì í dá. Ọ́fíìsì wa kò jìnnà sí Starling Avenue, ní Parkchester, níbi tí gbogbo ayé ń pè ní Bangla Bazaar. Ọmọ Sylhet, ní Bangladéṣì, ni ọ̀gá tó ni ọ́fíìsì náà. "Bhai" ni gbogbo èèyàn ń pè é, bí àwa ṣe ń pe "ẹ̀gbọ́n", èmi náà sì ti di bhai lọ́wọ́ àwọn oníbàárà rẹ̀. Bí ẹ bá yọjú síta, ṣọ́ọ̀bù ẹja lẹ máa kọ́kọ́ rí: ẹja ilish tó ti dì gbagidi, tí ọmọkùnrin kan ń fi ayùn iná rẹ́, tí yìnyín ń fò sí i lójú. Ẹran ewúrẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ làwọn ìyá wa ti ń rà á bí ìnáwó bá ti sún mọ́, wọ́n á máa dúnàádúrà ní Gẹ̀ẹ́sì tí ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà kò gbọ́ tán, wọ́n á sì gbọ́ra wọn yé dáadáa.

Kì í ṣe àwọn ará Bangladéṣì nìkan ló ń wá sọ́dọ̀ wa. Àwọn aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà ń wá, àwọn ará Puerto Rico ń wá, àwa ará Áfíríkà náà kò gbẹ́yìn. Ẹni tó bá ń gbéra ga lóde, ìwé owó-iṣẹ́ rẹ̀ á sọ òótọ́ lórí tábìlì mi.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu àwọn oníṣirò ná. Gẹ́gẹ́ bí Pew Research Center ṣe kó o jọ, àwọn ará Bangladéṣì tó wà ní Amẹ́ríkà ní 2019 tó 208,000, New York àti agbègbè rẹ̀ sì ni èyí tó sún mọ́ ìdajì wọn ń gbé. Bí a bá to gbogbo ilé wọn láti orí ẹni tó ní jù dé orí ẹni tí kò ní, ilé tó bọ́ sí àárín gbùngbùn ń rí $59,500 lọ́dún. Ti àwọn ará Éṣíà lápapọ̀ jẹ́ $85,800. Ti àwọn ará Íńdíà, tí wọ́n jọ pààlà nílé, jẹ́ $119,000. Ti Amẹ́ríkà lódindi, funfun, dúdú, gbogbo wọn pátá, lé ní $65,000. Mọ́kàndínlógún nínú ọgọ́rùn-ún ará Bangladéṣì ló wà lábẹ́ ìlà òṣì. Bẹ́ẹ̀, bí ìdajì àwọn àgbà wọn ló gboyè yunifásítì, nígbà tó jẹ́ pé ìdá kan nínú mẹ́ta ni ti Amẹ́ríkà.

Ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa. Àwọn tí à ń yìn níbi jọ̀lọ́ọ̀fù yìí, ìwé wọn pọ̀ ju ti Amẹ́ríkà lọ, owó ilé wọn, ìyẹn owó tó ń wọlé fún ilé kan lọ́dún, sì kéré sí ti Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá fẹ́ fi wọ́n ṣe àpẹẹrẹ pé iṣẹ́ àṣekára ni oògùn ìṣẹ́, kó kọ́kọ́ ṣàlàyé ìyẹn fún mi.

Ṣùgbọ́n "owó ilé" yìí náà, ẹni mélòó ló wà nínú ilé ọ̀hún?

Ẹ jẹ́ kí n ṣí fáìlì méjì fún yín. Mo ti da ọ̀rọ̀ oríṣiríṣi oníbàárà pọ̀ nínú wọn kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ara rẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ irú wọn ni mò ń rí lójoojúmọ́.

Ti àkọ́kọ́, ìdílé Bangladéṣì ni. Bàbá ń wa takisí, ìyá ń ta kọfí àti dónọ́ọ̀tì láti aago márùn-ún ìdájí. Ọmọ mẹ́ta ń lọ sílé ìwé, bàbá àgbà àti ìyá àgbà wà ní yàrá kejì. Ẹni méje, yàrá méjì. Lẹ́yìn tí bàbá bá ti yọ owó epo àti ti mẹkáníìkì kúrò, ohun tó kù fún gbogbo wọn lọ́dún jẹ́ $46,000. Ní 2024, ìlà òṣì tí ìjọba àpapọ̀ fà fún ẹni méje jẹ́ $47,340, iye kan náà ló sì jẹ́ fún ẹni tó ń gbé Bronx àti ẹni tó ń gbé ìgbèríko Mississippi. Tálákà ni wọ́n. Ìwé ló wí bẹ́ẹ̀.

Ti ìkejì, obìnrin aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. South Carolina làwọn òbí rẹ̀ ti kó wá. Ó ń tọ́jú àwọn arúgbó, $38,000 ló ń gbà lọ́dún, òun nìkan ló ń gbé. Ìlà òṣì fún ẹnìkan ṣoṣo jẹ́ $15,060, nítorí náà kì í ṣe tálákà rárá. Bí a bá pín $46,000 sí orí méje, ẹnìkan kò rí $6,600. Lórí ìṣirò yẹn, obìnrin yìí fi ohun tó sún mọ́ ìlọ́po mẹ́fà lówó ju ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ilé àkọ́kọ́ lọ.

Ẹ wá bi mí, ta ló ní owó nípamọ́ nínú àwọn méjèèjì? Àwọn tálákà náà ni.

Owó ilé kan ṣoṣo ni ẹni méje ń san. Ìyá àgbà ló ń tọ́jú ọmọ, wọn kì í san kọ́bọ̀ fún olùtọ́jú, bẹ́ẹ̀ owó olùtọ́jú ọmọ ní New York ń jẹ owó-oṣù odidi èèyàn tán. Bàbá àgbà ló ń mú àwọn ọmọ lọ sílé ìwé tó ń lọ mú wọn bọ̀. Ìkòkò ìrẹsì kan ló ń bọ́ gbogbo wọn. Obìnrin kejì ń dá san owó ilé tó ń gbé ìdajì owó rẹ̀ lọ, ó ń san gbèsè mọ́tò, ó ń san èlé lórí káàdì, bó bá sì ṣàìsàn fún ọ̀sẹ̀ kan, kò sí ẹlòmíì tó máa mú owó wọlé.

Ó kù díẹ̀. Owó kan wà tí ìjọba máa ń dá padà fún òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ kò pọ̀, EITC là ń pè é lẹ́nu iṣẹ́. Fún ọdún owó-orí 2024, ẹni tó ní ọmọ mẹ́ta lè gbà tó $7,830. Ẹni tí kò ní ọmọ lọ́rùn kò lè gbà ju $632 lọ, bí ẹni tó dá wà bá sì ti rí ju $18,591 lọ́dún, kò sí nǹkankan fún un mọ́. Nítorí náà, ìdílé ẹni méje yìí gba ohun tó lé ní $4,000 láti ibẹ̀, ká má tíì sọ ti àwọn ọmọ. Obìnrin yìí gba òdo. Nígbà tí mo yí kọ̀ǹpútà sí i pé kó wò ó fúnra rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ní èèyàn." Ó tọ́ka sí gbogbo wa tó wà níbẹ̀: bhai, èmi, bàbá kan tó mú àwọn àbúrò ìyàwó rẹ̀ méjì wá.

Òótọ́ ló sọ, àmọ́ kí a má fi oyin pa ọ̀rọ̀ náà. Bàbá àgbà inú fáìlì àkọ́kọ́ kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nílé, olórí ilé ni, àwọn èèyàn ń dìde fún un. Níhìn-ín, ó jókòó sí ojú fèrèsé, ó ń retí aago tí ilé ìwé máa jáde. Ìyàwó ilé náà kò ní ibi kankan tó lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ àfi balùwẹ̀. Ní Queens, apá New York mìíràn, àwọn tí kò rí yàrá méjì san ń gbé abẹ́ ilẹ̀, nínú ilé tí ìjọba kò fọwọ́ sí pé kí èèyàn sùn sí. Nígbà tí ẹ̀kún omi Ida dé ní ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án 2021, èèyàn mọ́kànlá ló kú sínú irú àwọn yàrá abẹ́ ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní New York. Aṣíkiri ló pọ̀ jù nínú wọn, láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi. Gbígbé pọ̀ ń dín ìnáwó kù, ó sì lè pa èèyàn.

Mo fẹ́ sọ bí àwọn èèyàn yìí ṣe dé ibí, torí ibẹ̀ gan-an ni àfiwé tábìlì àríyá ti máa ń dàrú.

Àwọn tó kọ́kọ́ dé kì í ṣe àwọn tó gboyè yunifásítì. Kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí ni àwọn ọkùnrin láti Bengal, ilẹ̀ tó ní Bangladéṣì nínú lónìí, ti ń kiri aṣọ tí wọ́n fọwọ́ ṣe iṣẹ́ ọnà sí ní New Orleans. Lẹ́yìn wọn ni àwọn atukọ̀, púpọ̀ nínú wọn láti Sylhet àti Noakhali, tí wọ́n ń kó èédú sínú iná ọkọ̀ àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n á sì yọ́ bọ́ sílẹ̀ bí ọkọ̀ bá ti gúnlẹ̀ sí New York. Òfin 1917 ti ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ará Éṣíà, òfin kò mọ̀ wọ́n. Ta ló gbà wọ́n sílé? Àwọn aláwọ̀ dúdú Tremé ní New Orleans ni, àti àwọn ti Harlem, pẹ̀lú àwọn ará Puerto Rico. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ ìyàwó, ibẹ̀ ni wọ́n bímọ sí. Títí di òní, àwọn kan wà ní Harlem tí wọ́n dúdú bíi tiwa, tí orúkọ bàbá ńlá wọn sì jẹ́ ti Sylhet.

Nígbà tó yá, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ńlá. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá 1965, Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí òfin tó pa yíyan aṣíkiri gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè ìbí rẹ́. Kò tíì pé oṣù méjì tó fọwọ́ sí òfin ẹ̀tọ́ ìdìbò tí àwọn aláwọ̀ dúdú fi ẹ̀jẹ̀ jà fún ní Selma. Ìjà kan náà ló bí òfin méjèèjì. Ìgbà tí ẹ bá tún fẹ́ pe ẹnìkan ní akátá, ẹ rántí ẹni tó ṣílẹ̀kùn tí ẹ gbà wọlé.

Òfin 1990 ló wá mú físà lọ́tìrì, tí wọ́n ń pè ní DV, wá. Àwọn ará Bangladéṣì jẹ ẹ́ dáadáa, débi pé láti ètò DV-2013 ni wọ́n ti yọ orílẹ̀-èdè wọn kúrò, nítorí èèyàn tó wọlé láti ibẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún ti lé ní 50,000. Ní DV-2015, wọ́n yọ Nàìjíríà náà, ẹ̀ṣẹ̀ kan náà. Ọ̀nà kan náà la gbà wọlé, ọ̀nà kan náà ni wọ́n tì lẹ́yìn wa.

Ẹ sì mọ ẹni tó lè jẹ lọ́tìrì kó sì débí. Ó gbọ́dọ̀ ti parí sẹ́kọ́ńdírì, tàbí kó ní iṣẹ́ ọwọ́ tó ti kọ́. Ó gbọ́dọ̀ rí owó àyẹ̀wò ara, owó físà, owó ọkọ̀ òfurufú. Lójú ìlà òṣì Amẹ́ríkà, tálákà ni nílé. Lójú àdúgbò rẹ̀, òun ni tíṣà, akọ̀wé báńkì, ọmọ onílẹ̀ tó rí éékà ilẹ̀ mẹ́ta tà. A ṣà á jáde láàárín mílíọ̀nù. A wá gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo ọmọ tí wọ́n bí sí South Bronx, a ní kí wọ́n sáré. Bí ẹni tó ṣa iṣu ní ìsọ̀ oníṣu, tó wá ń fi wé gbogbo ebè inú oko ẹlòmíì ni.

Àwọn ará Íńdíà tí owó ilé wọn jẹ́ $119,000 náà, ilẹ̀kùn ló yàtọ̀. Físà iṣẹ́ àwọn oníkọ̀ǹpútà ló mú ọ̀pọ̀ nínú wọn wá, iṣẹ́ ti ń dúró dè wọ́n kí wọ́n tó balẹ̀. Ará Bangladéṣì tó jẹ lọ́tìrì tàbí tí àbúrò rẹ̀ kọ̀wé pè kò ní iṣẹ́ kankan tó ń retí rẹ̀. Ó ní dìgírì, kò sẹ́ni tó fẹ́ rí i. Nítorí náà ó bọ́ sídìí takisí.

Ọ̀rọ̀ takisí yìí, ó yẹ kí n dúró lórí rẹ̀. Nígbà tí àjọ tó ń mójú tó takisí ní New York ka àwọn awakọ̀ aláwọ̀ ìyeyè rẹ̀ ní 2014, Bangladéṣì ni ìlú tí wọ́n ti wá jù lọ, ó sún mọ́ ìdá kan nínú mẹ́rin. Kí ọkọ̀ tó lè gbé èrò, ó gbọ́dọ̀ ní medallion, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń kàn mọ́ iwájú rẹ̀. Ìlú ló ń tà á, iye rẹ̀ kò sì pọ̀, nítorí náà owó rẹ̀ ń ga. Nígbà tó fi máa di 2014, ó ti lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là. Àwọn tó ń yáni lówó ń ti awakọ̀ pé kó rà á, pé ilé ni, pé owó ìfẹ̀yìntì ni. Bẹ́ẹ̀, Uber ti dé, ó ń gba èrò lọ́wọ́ wọn. Kí 2018 tó parí, irin kan náà kò tó $200,000 mọ́, gbèsè kò sì dín kọ́bọ̀. Àwọn awakọ̀ para wọn nínú ọdún yẹn.

Ní oṣù kẹwàá 2021, wọ́n dúró síwájú gbọ̀ngàn ìjọba ìlú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ebi pa ara wọn láti fi ẹ̀hónú hàn. Ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ takisí, tí Bhairavi Desai ń darí, ló kó wọn jọ. Zohran Mamdani, tó di olórí ìlú New York ní ìbẹ̀rẹ̀ 2026, jókòó tì wọ́n, òun náà kò jẹun. Ọjọ́ 15 ni wọn kò fi jẹun kí ìlú tó gbà láti dúró fún wọn, kí wọ́n gé gbèsè sí $170,000. Mo ní oníbàárà tó jẹ́ pé ọdún yẹn ni irun rẹ̀ funfun tán. Nígbà tí àwọn èèyàn bá ní ìjọba ló ń bọ́ ẹni kan, pé ẹni kejì ń dá ara rẹ̀ bọ́, àwọn wọ̀nyí ni mo máa ń rántí. Wọ́n ṣiṣẹ́ wákàtí méjìlá lójúmọ́ fún ogún ọdún, ohun tó sì gbà wọ́n ni pé ìjọba dúró fún gbèsè wọn.

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí ni pé: àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà tó ti wà níbí láti ọjọ́ pípẹ́, kí ló dé tí wọn kò rílé rà? Ìdáhùn wà lókè orí wa ní Parkchester. Ilé iṣẹ́ ìbánigbófò Metropolitan Life ló kọ́ gbogbo ilé pupa wọ̀nyẹn láàárín 1938 sí 1942, ó ju 12,000 ilé gbígbé lọ, ó mọ́, ó ní igi, ọkọ̀ ojú irin wà lẹ́nu ọ̀nà. Òyìnbó nìkan ni wọ́n ń gbà sínú rẹ̀. Títí di apá ìparí àwọn ọdún 1960, aláwọ̀ dúdú kò lè gbébẹ̀, àfi ìgbà tí àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ìlú gbógun ti ilé iṣẹ́ náà. Àwọn òbí obìnrin inú fáìlì kejì ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, wọ́n ní owó ilé lọ́wọ́. Ní àwọn ọdún 1970 ni wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í ta àwọn ilé náà, ẹni tó ti wà nínú rẹ̀ ló sì láǹfààní láti kọ́kọ́ rà á. Lónìí, ará Bangladéṣì ń rà á, ọmọ obìnrin tí wọ́n lé lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ń yá a gbé. Tí ẹ kò bá mọ ìtàn ilé, ẹ máa rò pé ìwà ló fa ìyàtọ̀.

Àwọn ará Bangladéṣì tí New York ti sú ń kó lọ sí Buffalo, ní ẹnu ààlà Kánádà. Bhai gan-an ní ilé níbẹ̀. East Side Buffalo ni wọ́n ń kó sí, níbi tí àwọn ará Poland ti kó kúrò, tí àwọn aláwọ̀ dúdú sì ti ń gbé láti ọjọ́ pípẹ́ nínú àdúgbò tí báńkì kò fẹ́ẹ́ yá owó fún. Ilé tó ti ń wó, tí ìlú ń ta ní gbàǹjo ní ẹgbẹ̀rún dọ́là mélòó kan, ni awakọ̀ takisí ń lọ rà, òun àti àwọn ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ á sì kan òrùlé rẹ̀ fúnra wọn. Ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì àwọn ará Poland ti di mọ́sáláṣí. Ìkànìyàn 2020 fi hàn pé Buffalo lé sí i, láti 261,310 sí 278,349, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti 1950.

Inú mi dùn sí i, mo sì rí ibi tó ti ń dunni. Arúgbó aláwọ̀ dúdú tó ti ń san owó-orí ilé rẹ̀ níbẹ̀ láti ogójì ọdún ń wo bí àwọn àlejò ṣe ń rà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú owó tí wọ́n kó jọ láàárín ara wọn, nígbà tí báńkì kò dá a lóhùn. Àdúgbò yìí kan náà ni ọmọkùnrin òyìnbó kan gbé ìbọn wọ ọjà Tops lójú Jefferson Avenue ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún 2022, tó pa èèyàn mẹ́wàá, gbogbo wọn aláwọ̀ dúdú. Ọjà ńlá kan ṣoṣo tí àdúgbò náà ní nìyẹn, àwọn aláwọ̀ dúdú ló jà fún ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó gbé e wá síbẹ̀.

Hamtramck ní Michigan náà wà níbẹ̀, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ìlú àwọn ará Poland ni, ilé iṣẹ́ mọ́tò Dodge ló ń bọ́ ọ títí wọ́n fi tì í ní 1980. Àwọn ará Bangladéṣì àti Yemen ló wá kún inú rẹ̀. Ní 2015, ó di ìlú àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tí Mùsùlùmí ti pọ̀ jù nínú ìgbìmọ̀ ìlú. Gbogbo ènìyàn ló pàtẹ́wọ́. Ní 2023, ìgbìmọ̀ náà ní wọn kò gbọ́dọ̀ ta àsíá àwọn tó ń fẹ́ akọ-sákọ tàbí abo-sábo sórí ilé ìjọba, àtẹ́wọ́ dáwọ́ dúró lápá kan, ó bẹ̀rẹ̀ lápá kejì. Ẹ̀yà kan kì í wá kún ìtàn tí ẹlòmíì ti kọ sílẹ̀ dè é.

Iṣẹ́ ìjọba ni ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà gòkè, èyí tí àwọn tó ń wo ilé nìkan kì í rí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń lẹ ìwé owó ìtanràn mọ́ mọ́tò yín ní New York, ọmọ Bangladéṣì ni. Ẹ lè bú wọn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ní ìwòsàn, ó ní ìfẹ̀yìntì, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń gbà wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá. Didarul Islam ti ṣọ́ ilé ìwé rí kó tó di ọlọ́pàá. Ẹni ọdún 36 ni, Parkchester níhìn-ín ló ń gbé. Ní ọjọ́ 28 oṣù keje 2025, ọkùnrin kan yìnbọn pa á ní 345 Park Avenue, níbi tó ti ń ṣọ́ ilé, ìyàwó rẹ̀ sì wà nínú oyún. Mọ́sáláṣí Parkchester ni wọ́n ti kírun sí i lára. Ọjọ́ yẹn, aṣọ búlúù àwọn ọlọ́pàá gba gbogbo ojú títì, àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú àdúgbò náà sì dúró lẹ́bàá ọ̀nà pẹ̀lú àwọn bàbá tó wọ fìlà funfun.

Ti owó tí à ń fi ránṣẹ́ sílé, a jọra pátápátá. Ẹni tó ń gbé yàrá méjì pẹ̀lú ẹni méje ní Bronx ń kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí Sylhet tí kò sẹ́ni tó ń sùn sínú rẹ̀. Èwo ni ká ti gbé ẹ̀rín wá, àwa tí a ní ti Ìjẹ̀bú àti ti Ìjẹ̀ṣà? Nínú ọdún ìṣúná 2024 sí 2025, owó tí àwọn ọmọ Bangladéṣì fi ránṣẹ́ sílé láti gbogbo ayé lé ní bílíọ̀nù 30 dọ́là, ìjọba wọn sì ń fi 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún kún un fún ẹni tó bá gba ọ̀nà báńkì. Amẹ́ríkà ní tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba 1 nínú ọgọ́rùn-ún láti oṣù kìíní 2026 lọ́wọ́ ẹni tó bá kó owó lọ́wọ́ lọ fi ránṣẹ́. Ìyẹn kan ìwọ náà tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù afowóránṣẹ́ ní White Plains Road.

Ohun kan wà tí mo máa ń sọ fún àwọn tó rò pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni ìrànwọ́ ń gbà. Ní abúlé Jobra, ní 1976, Muhammad Yunus yá èèyàn 42 ní $27 lápapọ̀. Ohun tó bí Báńkì Grameen nìyẹn. Ní 2008, ètò náà ré òkun kọjá, ó ṣí sí Jackson Heights ní Queens, ó ń yá àwọn obìnrin tí báńkì Amẹ́ríkà kò kà sí lówó, wọ́n á kó ara wọn jọ ní márùn-ún márùn-ún. Àwọn tó ń sọ èdè Sípáníìṣì ló pọ̀ jù nínú wọn. Èmi tí ìyá mi gba àjọ kí n tó wọ sẹ́kọ́ńdírì kò rí ohun ìyanu kankan níbẹ̀, àfi pé ìlú tó lówó jù láyé ní láti lọ kọ́ ọ ní Bangladéṣì.

Lọ́dún tó kọjá, bàbá kan tí mo ti ń bá ṣe owó-orí láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ àgbà wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wá jókòó níwájú mi. Ọmọ náà ti parí City College, ó ti ríṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, ó sì ti gba yàrá tirẹ̀ ní Queens. Owó tó ń gbà ju ti bàbá àti ìyá rẹ̀ papọ̀ lọ. Bàbá fẹ́ mọ̀ bóyá òun ṣì lè kà á mọ́ ilé. Mo ní, "Rárá o, bhai, ilé tirẹ̀ ti dá dúró." Ó ní, báwo ni yóò ṣe dá dúró, ẹni tó ń wá gbé kúlà oúnjẹ lọ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, tó ń san owó iná òun? Mo ṣàlàyé pé òfin kò ka kúlà. Mo yọ orúkọ ọmọ náà àti owó rẹ̀ kúrò nínú ìṣirò, mo tẹ bọ́tìnì, owó ilé bàbá bọ́ sábẹ́ ìlà òṣì fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́rin. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó wò mí. Ó ní ṣé ìyẹn ni pé òun lè béèrè food stamp báyìí. Mo ní ó ṣeé ṣe, kó mú ìwé owó ilé tó ń san àti ti iná wá lọ́jọ́ Ajé ká wò ó.